Àyẹ̀wò tí Blumberg fi gba ẹ̀mí là ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀

Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ rí ní Àpápá mọ bébà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ ti ṣe intafíù tán, ọ̀gá ti rẹ́rìn-ín sí yín, wọ́n ti ní kí ẹ mú onídùúró méjì wá. Ó wá ku mẹ́díkà. Wọ́n á fún yín ní bébà kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú un lọ sí láàbù báyìí báyìí. Láàárín àyẹ̀wò ìtọ̀ àti fọ́tò àyà, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n kọ HBsAg sí. Ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè ohun tó jẹ́. A máa na apá, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, a ó gba ilé lọ. Bí ìlà yẹn bá wá já sí "positive," fóònù yín ò ní dún mọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa pè yín sọ ìdí.

Lẹ́tà márùn-ún yẹn ní bàbá o. Baruch Samuel Blumberg lorúkọ bàbá wọn, ọmọ Amẹ́ríkà, Barry làwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ọkùnrin náà wá sílẹ̀ wa rí, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá sì wà nínú iṣẹ́ tó gbé jáde. Ìdí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe wá àyẹ̀wò yìí rí, àti ohun tí wọ́n fi ṣe lẹ́yìn tí wọ́n rí i, inú rẹ̀ ò lè dùn sí ohun táwọn iléeṣẹ́ kan ń fi í ṣe láti Wharf Road títí dé Tin Can.

Brooklyn ní New York ni wọ́n ti bí i, ní July 28, 1925. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìmọ̀ físíìsì ló kà ní Union College, ó parí ní 1946, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ní yunifásítì Columbia kí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, tó dá a lábàá pé kó kúkú lọ kọ́ ìṣègùn. (Ṣẹ́ ẹ rí i pé kì í ṣe bàbá Yorùbá nìkan ló ń sọ pé "dókítà lo máa ṣe"?) Ó gbọ́rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn yìí ni wọ́n rán an lọ sí Moengo, ìlú kékeré kan nínú ẹrẹ̀ àti igbó ní Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ìlú awakùsà ni. Bauxite ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ìyẹn erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ́ọ̀mù. Oríṣiríṣi èèyàn ni iṣẹ́ kó jọ síbẹ̀: ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ará Íńdíà, ará Java, ará China, àtàwọn onílẹ̀ gan-an. Ó gbẹ̀bí, ó ṣàyẹ̀wò ibà, ó sì kíyè sí nǹkan kan. Ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ gbogbo wọn, inú ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé, àmọ́ kòkòrò tó ń fa jàkùtẹ̀ kò bá wọn jà bákan náà. Kí ló dé tí àrùn fi ń mú ẹnì kan tí kò mú ẹnì kejì? Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Ẹni tó bá ń gbé Ajégúnlẹ̀ á tètè lóye Moengo. Iṣẹ́ wọ́ọ̀fù ló kó àwa náà jọ. Ìlàjẹ wà níbí, Íjọ̀ wà, Ìgbò wà, Urhobo wà, Ègùn wà, Hausa wà, gbogbo wa la jọ ń gbé ojúlé kan náà, tí a jọ ń lo ilé ìwẹ̀ kan, tí omi òjò ń lé gbogbo wa látorí bẹ́ẹ̀dì láìbi wá léèrè ibi tí a ti wá.

Blumberg lọ sí Oxford lẹ́yìn náà, ó gboyè dókítà nínú bayokẹ́mísìrì ní 1957. Ọdún yẹn náà ló wá sí Nàìjíríà. Nígbà yẹn kò tíì mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ ni òun máa fi ayé òun wádìí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá kiri, kó lè mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ èèyàn kan ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì láti inú ìran wọn. Ní 1961, òun pẹ̀lú àwọn onímọ̀ méjì tó ń jẹ́ Ikin àti Mourant gbé ìwádìí kan jáde lórí irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àwọn Fúlàní darandaran ní Àríwá Nàìjíríà àti lára àwa Yorùbá ní Ìwọ̀-Oòrùn. Kí n má parọ́ fún yín o: kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ tiwa ló ti rí ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ yẹn, kí wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù kárí ayé kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀ sínú fìríìsà, òun ló bí èyí tó kàn.

Ọgbọ́n tó dá rọrùn láti ṣàlàyé. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnì kan lára léraléra, ara onítọ̀hún á ti rí oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ àjèjì, á sì ti pèsè ọmọ ogun tó máa ń dá àjèjì mọ̀. Blumberg wá ń mú omi ẹ̀jẹ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ó ń gbé e kojú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kó wá láti ibi gbogbo láyé, bóyá ọmọ ogun náà á dá nǹkan tuntun kan mọ̀. Ní 1963, ó ṣẹlẹ̀. Omi ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan ní New York, ẹni tí àrùn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì, pàdé ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ kan láti Australia, ìlà funfun kan sì yọ láàárín àwọn méjèèjì. Òun pẹ̀lú Harvey Alter, tí òun náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2020 lórí hepatitis C, ni wọ́n jọ ń ṣe é. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kàn sọ ọ́ ní "Australia antigen," orúkọ ìlú tí ẹ̀jẹ̀ ti wá.

Ọdún mẹ́ta mẹ́rin kọjá kó tó yé wọn. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló ni ín, torí wọ́n ń rí i lára àwọn tó ní àrùn yẹn. Wọ́n wá àwọn tó ní Down syndrome lọ, wọ́n tún ń rí i níbẹ̀ dáadáa. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn yìí, tí kò ní i lára tẹ́lẹ̀, ṣàdédé ní i ní 1966, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú láàárín ìgbà yẹn. Obìnrin kan tó ń bá Blumberg ṣiṣẹ́ ní láàbù náà ṣàìsàn, ó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣàyẹ̀wò, ìlà yẹn tún yọ. Ìgbà yẹn ló wá yé wọn yékéyéké pé ara kòkòrò àrùn kan ni wọ́n ń rí, kòkòrò tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òun là ń pè ní hepatitis B lónìí, èyí táwọn akọ̀ròyìn Yorùbá kan ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Australia antigen yẹn gan-an ni HBsAg tó wà lórí bébà Àpápá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí nìyí. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi àyẹ̀wò náà ṣe? Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí èèyàn lára ni wọ́n fi ń yẹ̀ wò, káwọn tó wá gba ìwòsàn lọ́sibítù má baà kó àrùn lọ sílé. Ohun kejì tún ju ìyẹn lọ. Ní 1969, Blumberg àti Irving Millman dá ọgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, wọ́n sì tọrọ ẹ̀tọ́ oníǹkan lé e lórí. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí ohun èlò rẹ̀? Inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní kòkòrò náà lára. Kòkòrò yìí máa ń da èèpo ara rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, èèpo lásán, tí kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Wọ́n á yọ èèpo náà, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á gún un fún ẹni tí kò tíì kó o, ara onítọ̀hún á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lé e. Iléeṣẹ́ Merck, níbi tí Maurice Hilleman ti jẹ́ ọ̀gá, ló sọ ọ́ di abẹ́rẹ́ gidi, ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 1981. Blumberg ti gba ẹ̀bùn Nobel tiẹ̀ ní 1976. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí ọgbọ́n míì láti ṣe abẹ́rẹ́ náà láìlo ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn "positive" ló fi ẹ̀jẹ̀ wọn dáàbò bo gbogbo ayé. Irú wọn náà ni wọ́n ń tì síta ní géètì Àpápá.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Ní 2004 ni Nàìjíríà tó fi abẹ́rẹ́ yìí sára èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ní Àpápá lónìí, wọ́n ti bí wọn kó tó dìgbà yẹn. Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí ńlá lórí HIV káàkiri orílẹ̀-èdè ní 2018, wọ́n yẹ hepatitis wò mọ́ ọn, wọ́n sì rí hepatitis B lára ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá kan láti Mile 2 sí Boundary, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní i nínú wọn. Kárí ayé, WHO ní èèyàn mílíọ̀nù 254 ló ń bá a gbé ní 2022, ó sì pa èèyàn tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù kan lọ́dún yẹn, ìyẹn 1.1 mílíọ̀nù.

Báwo ni wọ́n ṣe kó o? Ọ̀pọ̀ ló kó o lára ìyá lọ́jọ́ ìbí, tàbí nígbà tí wọ́n ṣì ń rá kòrò. Ìṣirò kòkòrò náà nìyí: ọmọ ọwọ́ tó bá kó o, nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa bá a dàgbà. Àgbàlagbà tó bá kó o, èyí tó pọ̀ jù lọ ni ara wọn máa lé e lọ fúnra rẹ̀, kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tó máa dúró sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá "mú" lẹ́nu géètì Àpápá lẹ́ni ọdún 27, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé kó tó mọ̀ọ́ sọ "màmá" ló ti ní i. Kí ló ṣe?

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, ọmọ àdúgbò wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boundary, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń kó ẹrù ló fẹ́ gbà á sí ilé ìkẹ́rùsí wọn. Ó ti ra bàtà iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lọ ṣe mẹ́díkà, ó dúró, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó padà lọ bèèrè, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ló sọ fún un pé "bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ ní hepatitis." Ẹ̀ṣọ́ o! Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó bu sẹ́kún, ó ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ò wá mọ́. Oṣù mẹ́rin ló fi ń mu àgbo olóríṣiríṣi, èyí tó wọ́n jù ni èyí tí wọ́n ní ó ń "fọ ẹ̀dọ̀." Mi ò bú àgbo, ilé àgbo ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo ohun tá a bá mu, ohun tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dá kún wàhálà ẹ̀dọ̀ tó ti ní àlejò.

Ìyàwó bàbá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fà á lọ́wọ́ lọ sí ọsibítù ìjọba. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ka iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò kéré, ẹ̀dọ̀ dára. Wọ́n ní kò tíì nílò oògùn, kó máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, kó rọra fún ọtí. Fọkanáísà ni báyìí, ẹ̀gbẹ́ títì tí àwọn tírélà ń gbà lọ sí wọ́ọ̀fù ló dúró sí. Táyà tírélà tó ń yí lójoojúmọ́ wúwo ju páálí tí wọ́n ní ara rẹ̀ ò lè gbé lọ.

Mo ti bá ẹnì kan tó ń gbani síṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èyí. Ó ní, "Ọ̀gá, tó bá ran àwọn yòókù ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni, mo sì dá a lóhùn. Hepatitis B kì í ràn nínú oúnjẹ. Kì í ràn nínú bíbọwọ́, òógùn, ikọ́, tàbí ife kan náà. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé, àti ìbálòpọ̀, àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò ju ẹyọ kan lọ, àti abẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù rẹ̀ tọkàntọkàn, kó lọ wo ọwọ́ màlà tó ń gé èékánná kiri òpópónà, kó wo kílípà barber tí wọn ò sè, kó wo oníkọlà. Ẹni tó ń kọ ẹrù sínú ìwé kì í fi ẹ̀jẹ̀ kọ ọ́.

Ó tún ní owó ìtọ́jú ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ìyẹn ní òótọ́ díẹ̀ nínú, mi ò ní bo ó mọ́lẹ̀. Hepatitis B tí wọn ò bá mójú tó lè sọ ẹ̀dọ̀ di líle, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn wà tó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba. Tenofovir lorúkọ ọ̀kan, òun náà ni wọ́n ń lò fún HIV, kì í ṣe oògùn ọlọ́lá. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni mo mọ̀ tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ díẹ̀: dókítà tó ń la inú èèyàn yẹ kó mọ ipò ara rẹ̀, kó sì wà lábẹ́ ìtọ́jú. Akáúǹtáǹtì ńkọ́? Dírẹ́bà? Ẹni tó ń ta epo ní tank farm?

Àti pé bó bá jẹ́ ìlera ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ẹ wo àwọn tó "negative." Àwọn yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ wúlò fún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún un fún àgbàlagbà: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọṣẹ́ ní Àpápá, ẹ sọ fún mi: lẹ́yìn tí èsì yín jáde dáadáa, iléeṣẹ́ mélòó ló gún yín lábẹ́rẹ́? Ẹni tó bá ṣàyẹ̀wò hepatitis fún èèyàn igba, tí kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, tí kò sì darí ẹnikẹ́ni sọ́dọ̀ dókítà, kò ṣe ìlera kankan. Asẹ́ ló gbé dání.

Òfin ńkọ́? Láti 2014 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí HIV kọ èèyàn níṣẹ́. HIV àti AIDS ni òfin yẹn wà fún. Ìgbìmọ̀ aṣòfin wa lè fi hepatitis B kún un, ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì lè ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tuntun láyé. China, níbi tí hepatitis B ti pọ̀ gan-an, ní irú wàhálà yìí kan náà, àwọn ọ̀dọ́ wọn pariwo títí. Ní 2010 ìjọba wọn kéde pé wọn ò gbọdọ̀ fi àyẹ̀wò hepatitis B ṣe ara mẹ́díkà ìgbaniṣíṣẹ́ tàbí ti ìwọlé sí iléèwé mọ́. A kò ṣaláìní onímọ̀ tó lè bá aṣòfin sọ ọ́ yé. Ìdí-Àràbà nítòsí wa níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Lesi ti ń kọ́ àwọn dókítà nípa àrùn ẹ̀dọ̀ kó tó lọ sí WHO ní Geneva, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí hepatitis fún gbogbo ayé. Àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ Nàìjíríà ní ẹgbẹ́ tiwọn, SOGHIN.

Blumberg ò jókòó sórí Nobel rẹ̀. Ó padà sí Oxford láti ṣe ọ̀gá àgbà Balliol College láti 1989 sí 1994. Ó ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí NASA ní kó wá darí ìwádìí lórí bóyá ohun abẹ̀mí wà nínú ayé míì yàtọ̀ sí tiwa. Àpérò kan ní ibùdó NASA ní California ló wà ní April 5, 2011 nígbà tó ṣubú lulẹ̀ tó sì kú, ẹni ọdún 85. July 28, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ni ayé fi ń ṣe Ọjọ́ Hepatitis. Lọ́dọọdún wọ́n máa ń wọ tíṣọ́ọ̀tì, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sórí Instagram, àwọn iléeṣẹ́ kan tó ní irú bébà yẹn lọ́fíìsì náà á sì pín in.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí ọmọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gún ọmọ náà láàárín wákàtí 24 tó bá dáyé, kẹ́ ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ̀yin tí fóònù yín sì kọ̀ tí kò dún lẹ́yìn mẹ́díkà, ẹ padà lọ sí láàbù tó fa ẹ̀jẹ̀ yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èsì yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n fà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Tó bá jẹ́ "negative," ẹ bèèrè abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ "positive," ẹ gbé bébà náà lọ sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ yín, Ajeromi ló wà nítòsí fún ará Ajégúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ mọ bí ẹ̀dọ̀ yín ṣe wà àti iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Kí ẹ sì mú àbúrò yín àti ìyá yín dání, kí wọ́n yẹ àwọn náà wò.